Àlàfo Oríta Onígẹdú

Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀keje, ọmọláńgidi náà tún sọdá láìfarapa. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀bá títì orí tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tín-ínrín bí igi ìṣáná, ó gba àárín àwọn ọkọ̀ tí kò tó ìka ọwọ́ kọjá, ó sì gun ẹ̀bá kejì. Ẹ̀rọ àfarawé tan iná àwọ̀ ewé láti fi hàn pé kò sí wàhálà. Ọ̀gá Oyèyíọlá, olórí wa ní Ilé Ìkàkọ̀ níbi tí a ti ń ka ọkọ̀ ìlú, pa ẹ̀pà sísè kan, ó jù ú sẹ́nu, ó ní ṣé gbogbo wa ti rí i báyìí.

Màmá Àwẹ̀ró pàápàá rí i. Orí àga onítáyà ni ó jókòó sí níwájú tábìlì, tòun ti irin tí dókítà fi de egungun ìbàdí rẹ̀, ó ń wo ara rẹ̀ tó ń sọdá bí ẹni ń lọ síbi àpèjẹ. Wọ́n wọ búbá aláró fún ọmọláńgidi náà, irú èyí tí màmá wọ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbá a. Wọ́n tilẹ̀ we gèlè fún un. Ẹnì kan jókòó nínú ilé iṣẹ́ wa, ó fi sùúrù we gèlè fún ọmọláńgidi kí wọ́n lè fi gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ìyá arúgbó.

Adájọ́ Fáníyì dì mọ́ apá àga rẹ̀ bí ẹni tí oúnjẹ àárọ̀ kò tíì dà nínú rẹ̀.

"Màmá, gbogbo wa la rí bí ẹ ṣe sọdá," ló wí. "Àlàfo wà níbẹ̀ fún yín, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án gbáko. Kí ló dé tí ẹ ò lò ó?"

"Ọmọláńgidi yín ló rí àlàfo," ni màmá dá a lóhùn. "Ọkọ̀ lèmi rí."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò jiyàn. Ó ka ẹ̀sùn náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, pé màmá jẹ́ afàlàfoṣòfò, ẹni tí ọ̀nà fún láyè tí kò lo àyè náà bó ti yẹ. Bó ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni ẹ̀ṣọ́ kan ti kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ màmá, ó gbé ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ń wo ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ewé tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá àlùmọ́gàjí tí òun mú wá á lè gé e. Gbogbo wa la ní irú ìlẹ̀kẹ̀ ìrìn bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gé tìrẹ, tí o sì gbé ẹsẹ̀ lé títì, àwọn òpó ojú ọ̀nà á máa pariwo orúkọ rẹ títí wàá fi padà wọlé, ó sì di kí ọkọ̀ máa gbé ọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn títí ọjọ́ alẹ́ rẹ. Ohun kan ló kù kí wọ́n tó gé ti màmá. Ẹni tó ka ọkọ̀ ojú ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sí ìwé ìdájọ́.

Èmi ni mo ka ọ̀nà náà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìdajì wákàtí. Adájọ́ wo aago, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n rántí pé òun ní ẹjọ́ mẹ́ta mìíràn kí ọ̀sán tó pọ́n.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi iwájú orí ti ògiri. Láti ibẹ̀, mo ń gbọ́ tí Dúrótolú, ọmọ màmá, ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Agbẹ̀bí ni Màmá Àwẹ̀ró nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó máa ń sọdá Oríta Onígẹdú láràárọ̀ lọ sí Àgbàlá Tuntun láti lọ wẹ ọmọ fún àwọn ìyá ọmọ tuntun. Ẹ̀rọ ìwẹ̀ wà nílé gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ bí a ṣe ń na apá ọmọ, kò sì mọ orí tó yẹ kí a fi omi gbígbóná tẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbá a, òrí tó kó sínú àpò fọ́n ká títì, àwọn ọkọ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Mo rí àwòrán rẹ̀ nínú fáìlì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Ọdún tó kọjá ni mo ka oríta náà, ọjọ́ mẹ́ta, láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù iṣẹ́ olómi ọsàn, wọ́n sì gbé àga fún mi sábẹ́ igi dóńgóyárò. Ọkọ̀ ìlú wa kò ní awakọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn àgbà ìlú ló jà fún un nígbà tí ọkọ̀ wọ̀nyí kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní ohun tí kò bá lè kí èèyàn kò gbọdọ̀ gba iwájú ilé àwọn kọjá. Látìgbà náà, ọkọ̀ tó bá rí ẹ̀wù ọsàn lára ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ dẹ ìrìn, kó kí onítọ̀hún kú iṣẹ́, kó gbọ́ ìdáhùn kó tó máa lọ. Wọn kì í pa ohùn pọ̀ kí èèyàn, nítorí ìyẹn jọ ìyẹ̀yẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kíni, èyí tó wà lẹ́yìn á fún èyí tó wà níwájú láyè.

Ó sì dùn mọ́ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, èmi nìkan ni mò ń gbé, kò sí ẹni tó ń kí mi kú iṣẹ́ nílé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa," ni ọkọ̀ á wí, èmi náà á ní, "Ẹ ṣé o, ẹ máa rọra lọ." Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní, oòrùn ń ta sí mi lójú, mo bá yí àga padà, mo kọ ẹ̀yìn sí títì. Kí ni mo tún fẹ́ fi ojú wò nígbà tí etí ń gbọ́? Ìkíni kan, mo fa igi kan, mo kọ aago sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe parí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gbé ìwé mi fún ẹ̀rọ àfarawé, ẹ̀rọ sì kọ́ ọ lára mi pé lọ́kọ̀ọ̀kan ni ọkọ̀ ń dé Oríta Onígẹdú, pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ó ní níbi tí àlàfo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń fi iná àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ṣe? Wọ́n yọ iná náà kúrò lórí òpó lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n yìn mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ìjẹta ni mo tó mọ̀. Mo da tíì sí ẹ̀wù iṣẹ́ mi, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sójú fèrèsé, ebi sì ń pa mí. Òdì-kejì oríta ni wọ́n ti ń ta mọ́ínmọ́ín. Òfin wa ni pé òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàkọ̀ kò gbọdọ̀ dé títì láìwọ ẹ̀wù, ṣùgbọ́n mo rò pé n ó tètè lọ, n ó tètè bọ̀.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi dúró sójú kan. Iná tó wà ní ìdí afárá ló ń kó wọn jọ. Tó bá ti pọ́n, wọ́n á tò síbẹ̀. Tó bá di àwọ̀ ewé, wọ́n á tú jáde wọ̀ọ̀, ogún, ọgbọ̀n, imú èyí nídìí tọ̀hún. Kí ọ̀wọ́ yẹn tó tán, iná Ọjà Tuntun ní apá kejì á ti tú tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ti afárá ń lọ, ti ọjà ń bọ̀. Ogún èèyàn tó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan àti ogún tó rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, iye kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ló mọ ìyàtọ̀. Ọkọ̀ kan kò kí mi. Ọ̀kan kò tilẹ̀ dẹ ìrìn.

Àwọn mìíràn dúró tì mí. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ru pákó sọ fún mi pé àwọn ti fẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní nígbà kọ̀ọ̀kan, àwọn ará Ilé Ìkàkọ̀ á wá nínú ẹ̀wù ọsàn, wọ́n á sọdá wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni àwọn. Mi ò lè sọ fún un pé ọ̀kan nínú wọn ni mí.

Ibẹ̀ ni Ṣógbésan, tí a jọ ń jókòó nínú yàrá kan, ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ láti wá mi. Ẹ̀wù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Níṣojú mi, ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti afárá fà ya bí òwú. Èyí tó wà níwájú dẹ ìrìn, ó kí i kú iṣẹ́. Èyí tó tẹ̀lé e dúró jìnnà sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ń dúró de àyè tirẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá rí i pé ìkíni ti dí ọ̀nà, wọ́n yà gba ọ̀nà mìíràn lọ. Àlàfo là gbàgà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án, gẹ́gẹ́ bí ìwé mi ṣe wí, gbẹ́nàgbẹ́nà sì sáré gba ibẹ̀ kọjá tòun ti pákó rẹ̀. Mo ní kí Ṣógbésan padà sínú ilé. Bó ṣe wọlé tán ni wọ́n tún rọ́ dé. Mo tẹ̀ mọ́ ìdí igi dóńgóyárò, mo sì bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú mi.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún Ọ̀gá Oyèyíọlá lánàá. Ó tún wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, tòun ti abọ́ ẹ̀pà rẹ̀. Ó ń tu èèpo ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń dà á padà sínú abọ́ kan náà tó ń jẹ nínú rẹ̀. Ó ní òun kò sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ohun tí òun ń sọ ni pé ẹni tó wo ọ̀nà láìwọ ẹ̀wù iṣẹ́ kò ka nǹkan kan, ẹ̀rí aláìléwù kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Mo ní ẹ̀wù náà ló ń ba ọ̀nà jẹ́. Ó ní bóyá ni, ṣùgbọ́n òfin ni ẹ̀wù.

Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn bàbá bá mi sọ̀rọ̀.

"Ìbíwùmí, tó o bá lọ sọ pé èké lo kà, orí rẹ ni ìyà màmá yẹn á bọ́ sí. Ìlẹ̀kẹ̀ tìrẹ ni wọ́n á gé. O mọ̀."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá."

"Ọdún mélòó ni màmá yẹn tún fẹ́ fi rìn láyé? Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ìwọ rèé, ọmọdé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń pín ẹran, tó ń fi eegun síbì kan, tó ń fi iṣan síbì kan. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé mo ti ṣe ìṣirò yẹn fúnra mi lórí ibùsùn mi. Mo fẹ́ràn ìrìn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀bá odò ni mo máa ń gbà relé lójoojúmọ́, níbi tí ọkọ̀ kan kò lè dé, níbi tí ohùn ẹ̀rọ kankan kì í bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ti dùbúlẹ̀ lóru méjì, mò ń sọ fún ara mi pé màmá ti rìn tó. Mo wo ẹnu Ọ̀gá Oyèyíọlá bó ṣe ń jẹ ẹ̀pà, ó rí mi lára. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú mi.

Mo padà wọlé. Aṣọ fèrèsé wà ní títì pa bí ti àtẹ̀yìnwá, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pa àwòrán orí tábìlì. Ìgbẹ́sẹ̀ ọgọ́rùn-ún péré ni oríta tòótọ́ fi jìnnà sí wa, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń dá màmá lẹ́jọ́ kò sì tíì fi ojú ara rẹ̀ wò ó láìwọ ẹ̀wù rí. Akọ̀wé ti tẹ́ ìwé ìdájọ́ sílẹ̀ dè mí.

"Adájọ́, mi ò ní tẹ̀ka," ni mo wí. "Ìkíni ni mo kà. Mi ò ka ọkọ̀."

Ọ̀gá Oyèyíọlá kò jẹ ẹ̀pà mọ́. Adájọ́ béèrè bóyá mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe kọ ẹ̀yìn sí títì, bí ẹ̀wù ṣe ń tú ọ̀wọ́ ọkọ̀ ká, bí ó ṣe jẹ́ pé ọmọláńgidi orí tábìlì ń sọdá ọ̀nà tí kò sí níbì kankan láyé. Ó gbọ́ mi tán. Ó béèrè bóyá mo ní ẹ̀rí tí mo gbà nínú ẹ̀wù iṣẹ́. Mo ní ẹni tó bá wọ ẹ̀wù kò lè rí i láéláé. Ó ní òfin kò mọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ o, nítorí náà òun kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin mọ ìjẹ́wọ́, ìjẹ́wọ́ sì ti wáyé.

Ẹ̀ṣọ́ tó kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ màmá kò tilẹ̀ dìde. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ti wọ́ wá bá mi, ó sọ ìró màmá sílẹ̀, ó ká ṣòkòtò mi sókè. Mo gbọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ náà já. Ó mú un, ó nù ún mọ́ ara aṣọ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú ike.

"Ọmọ mi, ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?" ni màmá bi mí. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n di ẹrù tí kò béèrè fún lé lórí.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣe é fún, Màmá. Ara mi ló ń rí mi lára."

Adájọ́ tún nǹkan kan kà nínú ìwé òfin, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó ní bí iye ọkọ̀ tí mo kà bá ti jẹ́ èké, a jẹ́ pé Oríta Onígẹdú kò ní ìkà ọkọ̀. Ọ̀nà tí kò ní ìkà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbà á. Ọ̀gá Oyèyíọlá ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti gbọ́. Tábìlì di pupa láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá sáré ṣí aṣọ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì kún yàrá, ó ń mú kí gbogbo wa máa ṣẹ́jú. Ní ìta, àwọn òpó ojú ọ̀nà ti tan iná pupa, ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ láti afárá ti dúró gbagidi, ti Ọjà Tuntun náà ti dúró, wọ́n ń to ara wọn lẹ́yìn títí ojú kò fi rí ìdí wọn mọ́.

Mo jáde dé àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, mi ò sì lè kọjá ibẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń sọdá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sáré, gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ wọn lára, lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé kò sí ohun tó ń lé wọn. Àwọn kan dúró láàárín títì, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Dúrótolú ti àga màmá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án kan wà ní Àgbàlá Tuntun tí ìyá rẹ̀ ti ń ránṣẹ́ sí màmá, màmá sì ní kí àwọn lọ wẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, kí òun tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yìn mi ni Ọ̀gá Oyèyíọlá wà tó ń pe Ṣógbésan. Ẹ̀wù ọsàn tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn kò tíì yọ kúrò nínú ọ̀rá. Ó ní ìlú kò lè dúró báyìí. Ó ní aago mẹ́ta ni ìkà tuntun á bẹ̀rẹ̀, bí ìkà bá sì ti bẹ̀rẹ̀, òfin ní kí iná tú ọkọ̀ sílẹ̀. Ṣógbésan wò mí. Òun náà wà níbẹ̀ níjẹta, mo ti ṣàlàyé fún un, ó sì yé e. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo mọ ìgbà tó ṣe ìṣirò tirẹ̀ tán. Ó na ọwọ́, ó gba ẹ̀wù, ó sì wọ̀ ọ́ síbẹ̀ kí ọ̀gá lè rí i pé ó bá a mu.

Ọkọ̀ tó wà níwájú pátápátá lábẹ́ iná pupa kí i kú iṣẹ́. Ṣógbésan ti ní ẹ ṣé o kó tó mọ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dúró de àyè tirẹ̀. Mo kórìíra ohùn wọn, mo sì kórìíra pé etí mi ṣì ń gbọ́ ọ bí ohun dáadáa.

Àga màmá ti dé àárín títì. Ó ní kí Dúrótolú dúró, ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó wà ní ìdúró lápá méjèèjì. Ó wá ké sí mi láti ibẹ̀ pé ọmọ náà nìkan kọ́, ọmọ mẹ́rin ni òun fẹ́ wẹ̀ lónìí, pé ó di ìrọ̀lẹ́ kí òun tó padà, òun á sì yà kí mi.

"Màmá, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́ o," ni mo ké padà. "Kí aago mẹ́ta tó lù, ẹ ti gbọ́dọ̀ padà sọdá síhìn-ín."

Ó wò mí. Ó wo Ṣógbésan nínú ẹ̀wù ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wá sọ fún Dúrótolú pé kó máa yára tì í.